Ibo ni ohùn náà dé dúró?

Ọ̀gá tíṣà kan gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi ní Kàbbà láti Ìyàrá, ní ọjọ́ Sátidé kan. "Ọ̀kun o" ni wọ́n fi wọlé, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni, "Bá mi fọ́máàtì ẹ̀rọ yìí, ó ti yadi." Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fọ́máàtì rẹ̀, pé ìbéèrè ìdánwò táàmù kan gbáko bá ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ, síbẹ̀ ohùn kò padà.

Mi ò fọ́máàtì nǹkan kan. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, mo wo ibi tí ẹ̀rọ náà ní òun ń da ohùn sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: "Headphones". Kò sì sí earpiece kankan lára rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò earpiece, mo rí irin kékeré kan tó ń dán nínú ibẹ̀. Orí earpiece àtijọ́ kan ló kán síbẹ̀. Ní ti láptọ́ọ̀pù náà, ẹnìkan ti fi earpiece sí ihò yẹn, kò sì yẹ kí òun tún máa pariwo láti ẹnu spíkà. Bí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ nígbà ogún, irin kì í gbọ́ fọ́máàtì.

Linux ni láptọ́ọ̀pù náà ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe. Láàárín àwa tí à ń lò ó lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ nítorí pé láptọ́ọ̀pù tọ́kunbọ̀ tí wọ́n rà kò lè gbé Windows tuntun. Wọ́n á gbádùn rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ohùn tàbí Bluetooth yóò fi dé. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le. Ọwọ́ tí ohùn ń gbà kọjá ló pọ̀, orúkọ àwọn ọwọ́ yẹn kò sì sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ń gbé e fún ẹni, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ máa bi.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹnìkan di àpò gàrí sínú mọ́tò ní Ẹ̀gbẹ̀, pé kí wọ́n gbé e wá fún àbúrò òun ní Kàbbà. Mọ́tò á gba Ìsánlú, á gba Mọ̀pà, á kọjá Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, gàrí ò dé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní sáré lọ dá oko ẹ̀gẹ́ tuntun sí Ẹ̀gbẹ̀. Á pe èèyàn kan ní Mọ̀pà: ṣé ẹ rí mọ́tò yẹn? Bí Mọ̀pà bá rí i, ọ̀rọ̀ ku àárín Mọ̀pà sí Kàbbà. Bí wọn ò bá rí i, kó padà sẹ́yìn lọ bi Ìsánlú. Fọ́máàtì ni oko ẹ̀gẹ́ tuntun yẹn.

Ohùn inú Linux náà ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ètò tí a fi ń gbọ́ orin lórí láptọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ orin ni màá máa pè é), ló ń di ẹrù ní Ẹ̀gbẹ̀. Ó gbé e fún alárinà kan tí ń jẹ́ PipeWire. Lórí Linux tó ti pẹ́ díẹ̀, PulseAudio ni alárinà náà. Iṣẹ́ alárinà ni láti pinnu ibi tí ohùn ń lọ, ì báà ṣe spíkà, earpiece tàbí tẹlifíṣọ̀n. Òun náà ló ń po ohùn pọ̀, tí fídíò kan àti orin kan fi lè dún lẹ́ẹ̀kan náà láìjà. Alárinà gbé ẹrù fún ALSA, tó ń gbé inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an. ALSA ló gbọ́ èdè tí ṣípù ohùn ń sọ. Ṣípù sọ ọ́ di iná, wáyà gbé iná náà dé spíkà, spíkà ń gbọ̀n, etí yín gbọ́.

Ìdí tí ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń da orí rú ni pé àwọn alárinà yìí ti ń pààrọ̀ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdún 1998 ni Jaroslav Kysela bẹ̀rẹ̀ ALSA, ó sì wà nínú kernel 2.6 tó jáde ní ìparí ọdún 2003. PulseAudio tẹ̀ lé e ní 2004, Ubuntu (oríṣi Linux kan ni, bíi Fedora, Debian àti Mint) sì gbà á wọlé ní 2008. Lẹ́yìn náà ni Wim Taymans kọ PipeWire, Fedora fi í ṣe alárinà ohùn tirẹ̀ láti Fedora 34 ní ọdún 2021, Ubuntu sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀dà 22.10 rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìmọ̀ràn kan tó ní kí ẹ yọ PulseAudio dànù tàbí kí ẹ kọ nǹkan sínú fáìlì kan tó fara sin, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́ ná. Ìmọ̀ràn 2010 lè jẹ́ òtítọ́ ní 2010, kó sì ba ẹ̀rọ yín jẹ́ lónìí. Mo ti tún ẹ̀rọ ṣe tó jẹ́ pé ohun tó ṣe é gan-an kò tó nǹkan; oògùn tí wọ́n dà sí i lára ló sọ ọ́ di àìsàn.

Ìbéèrè tó pín ọ̀nà sí méjì

Ẹ ṣí terminal, fèrèsé dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí. Mo mọ̀ pé ó ń ba àwọn kan lẹ́rù, ṣùgbọ́n àṣẹ tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ yìí kì í yí nǹkan kan padà, ìbéèrè lásán ni:

aplay -l

Ó ń bi ALSA pé káàdì ohùn mélòó lo rí. Bí ó bá ka orúkọ jáde, bí àpẹẹrẹ "card 0: PCH" pẹ̀lú ALC àti nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀, a jẹ́ pé kernel ti rí ṣípù, àìsàn náà wà lókè, lọ́dọ̀ alárinà tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó di ẹrù. Bí ó bá ní "no soundcards found", alárinà kò jẹ̀bi, ilẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Ubuntu á ti rí ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ "Dummy Output" níbi ètò ohùn. Kì í ṣe orúkọ spíkà. Alárinà ló ń wí pé òun kò rí káàdì kankan, pé òun wá ń da ohùn sínú afẹ́fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ orin má bàa dákú. Ó jọ akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà yín tó sì ń kó o sínú dúrọ́ọ̀ nítorí pé ọ̀gá kò wá sí iṣẹ́. Bí ẹ bá rí Dummy Output, tí aplay -l sì ka káàdì jáde, àárín alárinà àti ALSA ni wàhálà wà, ẹ tún alárinà bẹ̀rẹ̀:

systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber

Ẹ má fi sudo, ọ̀rọ̀ tó ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá àgbà, síwájú àṣẹ yẹn. Alárinà ohùn jẹ́ ti ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ọ̀gá àgbà tó ń jẹ́ root. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fẹ́ràn láti fi sudo sí gbogbo nǹkan bí iyọ̀. Níbí, sudo á lọ wá alárinà root, kò ní bá a, á sì padà wá bá yín pẹ̀lú àṣìṣe tí kò yé ẹnikẹ́ni. WirePlumber tí ẹ rí nínú àṣẹ náà ni olùdarí tó ń sọ fún PipeWire pé earpiece ti wọlé, pé kó darí ohùn síbẹ̀.

Bí káàdì bá wà, tí alárinà náà sì rí i, tí ohùn kò sì jáde, ẹ fi pavucontrol, ètò tó ń fi ibi tí ohùn ń gbà hàn, sórí ẹ̀rọ yín. Pẹ̀lú PipeWire náà ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wo ojú ìwé Playback. Ìlà kan wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀rọ orin náà tó máa ń sáré lọ sáré bọ̀ bí orin bá ń wọlé. Bí ìlà yẹn bá ń jó, Mọ̀pà ti rí mọ́tò: ẹ̀rọ orin ti ṣe tirẹ̀. Bí kò bá mira, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí káàdì, ẹ wo inú Firefox bóyá ẹnìkan ti pa ohùn ojú ewé yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Output Devices, kí ẹ wo bóyá ìlà ń jó lábẹ́ ibi tó yẹ kó ti jó. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ohùn ń lọ sí ilé onílé.

Ilé onílé tó wọ́pọ̀ jù ni HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sí tẹlifíṣọ̀n tàbí projẹ́ktọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ní láptọ́ọ̀pù kan tí a fi ń gbé fídíò sára ògiri. Lọ́jọ́ ìkórè, àwòrán jáde, ohùn kò jáde. Ọmọkùnrin tó wà nídìí míksà ń gbé ohùn sókè, ó ń gbé e sókè, ó gbé e dé òpin. Linux ti rí wáyà HDMI tó lọ sára projẹ́ktọ̀, ó sì rò pé ibẹ̀ ni a fẹ́ kí ohùn lọ. Projẹ́ktọ̀ yẹn kò sì ní spíkà. Bọ̀dá kan fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, wọ́n fa wáyà HDMI yọ. Ohùn sáré padà sí ihò earpiece tí wáyà míksà wà, pẹ̀lú gbogbo agbára tí ọmọ náà ti kó sí i. Àwọn màmá tó jókòó níwájú ṣì ń sọ ọ́ títí di òní. Ohun tó yẹ ká ṣe kò ju kí a yan "Analog" dípò HDMI níbi Output, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni.

Bí ìlà bá ń jó níbi tó tọ́, tí etí kò sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ tẹ alsamixer nínú terminal, kí ẹ tẹ F6 láti yan káàdì gidi. Ẹ ó rí òpó mélòó kan tó dúró gẹ́gẹ́ bí ìkòkò omi. Lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, OO túmọ̀ sí pé ó ṣí, MM túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lọ sórí Master, Speaker àti Headphone lọ́kọ̀ọ̀kan. M lórí kíbọọ̀dù ló ń ṣí i, ọfà òkè ló ń gbé e sókè. Ẹ tún wá ohun tó ń jẹ́ "Auto-Mute Mode" níbẹ̀. Òun ló ń pa spíkà nígbà tí earpiece bá wọlé. Fún ọ̀gá tíṣà wa, kí ìrìn àjò wọn má bàa já sí asán, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo pa Auto-Mute, mo sì fi ọwọ́ yan Speakers. Spíkà dún lójú ẹsẹ̀, bí irin ṣe wà nínú ihò yẹn. Irin náà jáde lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Wàyí o, bí aplay -l kò bá rí káàdì kankan ńkọ́?

Firmware ló sábà máa ń fà á lórí láptọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣípù ìgbà yìí kò gbé ọgbọ́n tirẹ̀ wá látinú ilé iṣẹ́ tán. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, Linux ní láti ka ìwé kan sí i létí kó tó mọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Ìwé yẹn ni firmware. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel tuntun ń lo èyí tí ń jẹ́ SOF fún ohùn. Lórí Debian àti Ubuntu, orúkọ àpò rẹ̀ ni firmware-sof-signed. Lórí Fedora, alsa-sof-firmware ni. Ẹ bi kernel fúnra rẹ̀ ohun tó rí:

sudo dmesg | grep -i -E "snd|sof|firmware"

Bí ẹ bá rí "failed to load" tàbí "error -2", ìwé ni kò sí nílé: -2 yẹn túmọ̀ sí pé kò rí fáìlì náà. Debian àtijọ́ kì í fi irú ìwé yìí sínú àpò ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òfin rẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ tòótọ́. Láti Debian 12, tó jáde ní oṣù Kẹfà 2023, ó ti wà nínú rẹ̀.

Bí ohùn bá sọnù lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ṣe update, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ yan "Advanced options" lójú ewé GRUB, èyí tó ń jáde kí Linux tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi kernel tó ṣáájú wọlé. Bí ohùn bá padà, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ sì lè máa lo kernel yẹn títí wọn yóò fi tún tuntun ṣe. Kò ná yín ní dátà kankan.

Àwọn tó ní Windows àti Linux lórí ẹ̀rọ kan náà ní àrùn tiwọn. Bí ẹ bá ní kí Windows kú, tí "Fast Startup" sì wà ní títàn, kì í kú tán, ó kàn ń sùn ni. Nígbà tí Linux bá jí, ó lè bá ṣípù ohùn tàbí ti Bluetooth ní ipò tí kò mọ̀. Ẹ pa Fast Startup nínú Windows, kí ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, kí ẹ tún un tàn.

Bluetooth ní ẹjọ́ tirẹ̀

Orúkọ ọba Denmark kan, Harald Bluetooth, tó jẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá ni wọ́n fi sọ ọ́, àmì rẹ̀ sì ni lẹ́tà H àti B rẹ̀ ní ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n so pọ̀. Mo sọ èyí nítorí pé ẹnìkan bi mí lójú ọ̀nà ilé ìwé bóyá eyín ni ó ń ṣe.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú nínú Bluetooth ni pé iṣẹ́ méjì ni, ọ̀gá méjì ló sì ń ṣe é. BlueZ ló ń fi ẹ̀rọ méjì mọ ara wọn, tó sì ń so wọ́n pọ̀. Alárinà ohùn ló ń da orin sínú ìsopọ̀ náà. Nítorí náà, "ó ti so pọ̀" àti "ó ń dún" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ìgbéyàwó ni: ìdáná ti kọjá, ìyàwó lè má tíì dé ilé.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tẹ rfkill list. Bí ẹ bá rí "Soft blocked: yes" níwájú Bluetooth, ẹnìkan ti fi àṣẹ pa á, sudo rfkill unblock bluetooth á tú u. Bí "Hard blocked: yes" bá wà níbẹ̀, bọ́tìnnì gidi kan lára láptọ́ọ̀pù ló pa á, terminal kò sì ní agbára lórí rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kiri, tàbí bọ́tìnnì Fn tó ní àwòrán ọkọ̀ òfúrufú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bluetoothctl list. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Linux kò rí rédíò Bluetooth rárá. Ẹ padà sí dmesg, kí ẹ wá firmware, bí a ti ṣe sí ti ohùn.

Tí rédíò bá wà, tí earpiece kò sì fara hàn, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló kọ́kọ́ so ó mọ́ra? Nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń pè mí sí, fóònù ni. Earpiece náà ti dì mọ́ fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò, tàbí tó wà ní ṣáájì nínú yàrá kejì, kò sì ní dá ẹlòmíì lóhùn. Ẹ pa Bluetooth fóònù ná. Lẹ́yìn náà ẹ di bọ́tìnnì earpiece mú títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú ní àwọ̀ méjì tàbí kíákíá. Ìgbà yẹn ló tó gba àlejò. Kí a kàn tàn án kò tó.

Mo fẹ́ràn kí n fọwọ́ so ó pọ̀ nínú terminal, nítorí pé ó máa ń sọ ibi tó ti kọsẹ̀, èyí tí bọ́tìnnì ojú ewé ètò kì í sọ. Ẹ tẹ bluetoothctl, kí ẹ wá tẹ àwọn wọ̀nyí ní ìlà ìlà:

power on
scan on
pair XX:XX:XX:XX:XX:XX
trust XX:XX:XX:XX:XX:XX
connect XX:XX:XX:XX:XX:XX

Àdírẹ́sì tí scan bá kọ síwájú orúkọ earpiece yín ni kí ẹ fi rọ́pò àwọn X. Trust yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Pair ni pé ẹ ti mọ ara yín. Trust ni pé nígbà míì tó bá kan ilẹ̀kùn, kó wọlé láìbéèrè. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa so ó pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní àràárọ̀.

Bí ó bá ti so pọ̀ rí, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, ẹ tẹ remove pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pair. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí ẹ̀rọ méjèèjì gbà lọ́wọ́ ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Linux ń tọ́jú tirẹ̀ sínú /var/lib/bluetooth. Bí ẹ bá tún pair earpiece kan náà láti inú Windows lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, earpiece rò pé ẹnìkan náà ló padà wá, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Tí ẹ bá padà sí Linux, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Earpiece ò bàjẹ́, Linux ò bàjẹ́.

Tó bá so pọ̀ tán, tí kò sì fara hàn níbi Output, ẹ rántí ọ̀gá kejì. Lórí Debian pẹ̀lú PipeWire, àpò libspa-0.2-bluetooth ló ń kọ́ alárinà ní Bluetooth. Fún PulseAudio, pulseaudio-module-bluetooth ni. Ẹ fi sí i, kí ẹ jáde kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ẹ tún wọlé.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí tó kù yìí, torí owó tí ó ti ná àwọn èèyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìsánlú, ó ń ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó pè mí pé earpiece òun ti bàjẹ́. Orin ń dún dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn olùkọ́ á dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kẹ́ẹ̀gì. Ó ti ra òmíràn, òmíràn náà ń ṣe kẹ́ẹ̀gì. "Bọ̀dá mi," ló wí, "Linux yìí kò fẹ́ kí n kàwé."

Mo ní kó ṣe ohun kan fún mi nígbà tí kíláàsì bá ń lọ: kó ṣí ètò ohùn, kó yí Input kúrò lórí earpiece, kó yan máìkì láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tó pariwo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Earpiece Bluetooth tó wọ́pọ̀ ní ọ̀nà méjì tó lè gbà gbé ohùn. Ọ̀kan ń jẹ́ A2DP: títì ọlọ́nà kan tó fẹ̀ ni, orin ń bọ̀ láti láptọ́ọ̀pù sí etí méjèèjì, kò sí ohun tó ń padà lọ. Èkejì ń jẹ́ HFP, tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù: títì tóóró ni, ṣùgbọ́n mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, etí yín ń gbọ́, máìkì sì ń sọ. Nítorí tóóró yẹn, ohùn tó ń kọjá níbẹ̀ kò ní òsì àti ọ̀tún, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000 péré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí 16,000 bí ẹ̀rọ méjèèjì bá gbọ́ mSBC, ọ̀nà ìdì ohùn tó sàn díẹ̀. Ti orin A2DP sábà máa ń jẹ́ 44,100 tàbí 48,000. Ẹ kò lè rìn lórí títì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní kété tí kíláàsì bá ní òun fẹ́ máìkì, tí máìkì tí ẹ yàn sì jẹ́ ti earpiece, alárinà ní láti gbé gbogbo nǹkan lọ sí títì tóóró. Tí ẹ bá gba máìkì lára láptọ́ọ̀pù, earpiece á dúró sórí títì ńlá.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Linux, Windows náà ń ṣe é. Bluetooth tuntun kan tí ń jẹ́ LE Audio fẹ́ tú ìdè yìí, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù àti earpiece gbọ́dọ̀ ní i ní ìhà méjèèjì, láptọ́ọ̀pù tọ́kunbọ̀ ọdún 2014 kò sì lè ní i. Bí kíláàsì bá parí tí ohùn kẹ́ẹ̀gì kò lọ, ẹ lọ sí Configuration nínú pavucontrol, kí ẹ fọwọ́ yan A2DP padà.

Ohùn tó ń já gée gée ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ló kún. Bluetooth ń sọ̀rọ̀ ní 2.4 GHz, ó sì ń fò láàárín ọ̀nà 79 ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kó má bàa kọlu ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n Wi-Fi 2.4 GHz ń gbé ní àdúgbò kan náà, ihò USB 3 tí fíláṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sì máa ń pariwo sí àdúgbò yẹn. Bí hotspot fóònù yín bá ní 5 GHz, ẹ lò ó. Tó bá jẹ́ Bluetooth kékeré tí à ń ki bọ USB ni, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíláṣì, wáyà USB kúkúrú kan tó gbé e jìnnà díẹ̀ lè yanjú rẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn kékeré yẹn pẹ̀lú: ayédèrú ṣípù tó ń pe ara rẹ̀ ní CSR, orúkọ ilé iṣẹ́ ṣípù kan, pọ̀ lọ́jà. Àṣẹ lsusb, tó ń ka ohun tó wà nínú ihò USB, á kọ orúkọ kan náà fún gidi àti ayédèrú. Mo ra méjì lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ẹnìkan náà. Ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́, èkejì kò tíì pair ohunkóhun rí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tọ́kunbọ̀ tí ẹ sì mọ̀ pé Linux lẹ máa lò, ẹ ti ilé gbé fíláṣì tó ní Ubuntu tàbí Mint dání. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi tan ẹ̀rọ náà láìfi sórí rẹ̀, "Try" ni kí ẹ yàn. Ẹ jẹ́ kí orin kan dún láti spíkà, ẹ ki earpiece bọ̀ ọ́ kí ẹ sì yọ ọ́, kí ẹ rí i pé spíkà padà sọ̀rọ̀. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì. Ẹ so earpiece Bluetooth tiyín mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, oníṣọ́ọ̀bù á máa wo aago, ẹ jẹ́ kó máa wò ó. Ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò earpiece.